Báńkì pàǹtírí àdúgbò wa ń rẹ̀yìn: kí ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè òǹkàwé

Ẹ̀yin ará, mo wà lára ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àbójútó báńkì pàǹtírí kan. Àwọn ará àdúgbò máa ń kó ike, páálí, agolo àti irin wá. A ó wọ̀n ọ́n, a ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé ìfowópamọ́ wọn, a ó sì san owó wọn lẹ́yìn tí a bá ti ta ọjà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èrò ń wọ́ wá. Ní báyìí, àwọn tó ń wá kò tó ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀, yàrá ìkẹ́rùsí ti kún dé òrùlé, àwọn kan ń pariwo pé owó àwọn kò jáde, ó sì ti rẹ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Alága ní kí a ra ẹ̀rọ tó ń fún ike pọ̀. Akọ̀wé ní áàpù orí fóònù ni yóò yanjú rẹ̀. Akápò ní kí a fi kún owó tí a ń san lórí kìlò kan kí àwọn èèyàn lè padà wá. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

* * *

Ìdáhùn

Àwọn òǹkàwé mìíràn náà ti kọ èrò wọn sábẹ́ ìbéèrè yìí, n ó sì máa dá wọn lóhùn bí mo ṣe ń lọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ, kò sí èyí tí mo máa fọwọ́ sí ní ìsinsìnyí. Ọjọ́ tí ẹ gba àpò ike àkọ́kọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò yín, tí ẹ kọ iye owó rẹ̀ sínú ìwé láì tíì san án, ọjọ́ náà ni ẹ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn yín láti ìgbà náà ni ìtọ́jú owó olówó, pàǹtírí sì ni ọ̀nà tí owó náà gbà dé ọwọ́ yín. Bí ìgbìmọ̀ bá fi ojú ẹni tó ń tọ́jú owó wo gbogbo ohun tó ń ṣe, láti orí òṣùwọ̀n títí dé ọjọ́ tí wọ́n ń ta ọjà, ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro tí ẹ kà sílẹ̀ ni yóò fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn. Bí wọ́n bá fi ojú ẹni tó ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nìkan wò ó, ẹ̀rọ ni wọn yóò máa rà.

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ irú báńkì yìí di gbajúmọ̀ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2008, ní Badegan, ní agbègbè Bantul nítòsí ìlú Yogyakarta ní Indonésíà, Bambang Suwerda, ẹni tó ń kọ́ni nípa ìlera àyíká, dá báńkì pàǹtírí Gemah Ripah sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn àdúgbò mìíràn sì ń wò wọ́n ṣe títí àṣà náà fi tàn ká orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó bá kó pàǹtírí wá ní ìwé tirẹ̀, pàǹtírí rẹ̀ ní ìwọ̀n, owó rẹ̀ sì ní àkọsílẹ̀. Bí a bá yọ ìwé yẹn kúrò, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín báńkì náà àti ẹni tó ń ra irin àlòkù kiri.

Nítorí náà, orí òṣùwọ̀n àti inú ìwé ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

* * *

Lórí òṣùwọ̀n

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí gbà pé owó tó kéré ló lé àwọn èèyàn lọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kó ike omi wá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé owó kékeré ni yóò tibẹ̀ jáde. Ohun tí kò lè fara mọ́ ni kí owó kékeré náà tún máa dín kù lójú rẹ̀ láì mọ ìdí.

Mo ti dúró wo bí wọ́n ṣe ń wọn ọjà ní báńkì kan. Òṣùwọ̀n àgbékọ́ ni wọ́n ń lò, ojú rẹ̀ kọjú sí òṣìṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí ẹni tó kó ọjà wá. Ìyá kan gbé àpò páálí kalẹ̀, òṣìṣẹ́ gbé e kọ́ orí òṣùwọ̀n, ó ké sí akọ̀wé pé "mẹ́ta ààbọ̀", akọ̀wé sì kọ 3. Nígbà tí mo bi akọ̀wé léèrè, ó ní àwọn máa ń yọ ààbọ̀ kúrò kí ìṣirò lè rọrùn, kò sì sí ẹ̀tàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ mẹ́ta ààbọ̀ pẹ̀lú etí rẹ̀, ó rí 3 nínú ìwé rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bá ìgbìmọ̀ jà. Yóò kàn ṣíwọ́ wíwá ni.

Ẹ yí ojú òṣùwọ̀n sí ẹni tó ni ọjà. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ka iye náà sókè kí akọ̀wé tó kọ ọ́. Ẹ kọ ààbọ̀ àti ìdá mẹ́rin kìlò sílẹ̀ bí ó ti rí. Kí ẹ sì máa yẹ òṣùwọ̀n wò lójú gbogbo èèyàn kí ìgbọjà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àyẹ̀wò náà kò ní ìnáwó kankan nínú: lítà omi kan wọn kìlò kan, nítorí náà bí ẹ bá wọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo, tí ẹ wá rọ omi lítà 10 sínú rẹ̀, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ fi kìlò 10 lé ti tẹ́lẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe wọn ọjà ẹnikẹ́ni títí a ó fi tún un ṣe.

Ẹni tó ń wọn ọjà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé, ẹni tó ń kọ ìwé kò sì gbọ́dọ̀ di owó mú. Òǹkàwé kan ti kọ ọ́ pé àwọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé akápò àwọn ló ń wọn ọjà, tó ń kọ ọ́, tó sì ń tà á, nítorí pé òun ni olóòótọ́ jù lọ. Mo gbà pé olóòótọ́ ni. Àmọ́ olóòótọ́ ni pípín iṣẹ́ ń dáàbò bò ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé lọ́jọ́ tí owó bá dín, òun nìkan ni gbogbo ojú yóò yí sí, kò sì ní rí ẹlẹ́rìí kan pè. Bí ẹ kò bá ju méjì lọ, kí ẹni tó ni ọjà di ẹnì kẹta yín: kí ó ka òṣùwọ̀n, kí ó fi ohun tó wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀ wé ohun tó wà nínú ìwé ńlá báńkì, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé ńlá náà.

* * *

Lórí iye owó kìlò kan

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò àbá akápò. Ká ní olùrà ńlá ń san 100 lórí kìlò ike kan, owó yòówù kí ó jẹ́, tí ẹ̀yin sì ń kọ 85 sínú ìwé ẹni tó kó o wá. 15 tó ṣẹ́ kù ni ẹ fi ń san owó ọkọ̀, tí ẹ fi ń ra àpò, tí ẹ sì fi ń san owó yàrá. Bí ẹ bá kó kìlò 500 pamọ́ fún oṣù méjì, tí olùrà wá sọ lọ́jọ́ tí ẹ kó o dé pé 80 ni òun ń san báyìí, 42,500 ni ẹ jẹ àwọn ará àdúgbò, 40,000 ló sì wọlé. Ẹ ti pàdánù 2,500 kí ẹ tó san owó ọkọ̀ rárá. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ ti akápò, tí ẹ sì ti kọ 95, gbèsè náà á di 47,500, àdánù á sì di 7,500. Ọ̀làwọ́ yín á wá di ìdí tí owó kò fi ní jáde.

Irú ìjáwálẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, Ṣáínà, tó ti ń gba ike àlòkù láti òkèèrè ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ, ti ilẹ̀kùn mọ́ oríṣi pàǹtírí 24, owó bébà àti ike àlòkù sì wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, títí kan ibi tí àwọn tó ń kó wọn jọ kò mọ̀ pé Ṣáínà ni ọjà wọn ń parí ìrìn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé, nígbà tí owó epo rọ̀bì, tí wọ́n fi ń ṣe ike tuntun, bá wálẹ̀ bí ó ti wálẹ̀ ní ọdún 2020, ike tuntun á rọrùn láti rà, àwọn ilé iṣẹ́ á sì fà sẹ́yìn lórí ike àlòkù. Kò sí ìgbìmọ̀ àdúgbò tó lè dá èyí dúró. Ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe ni kí ó má jẹ́ kí ọjà púpọ̀ wà nílẹ̀ nígbà tó bá dé.

Àbá méjì ló wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ní kí a kọ ìwọ̀n nìkan sínú ìwé, kí a kọ owó lẹ́yìn tí a bá ti tà á, kí ewu iye ọjà lè wà lọ́rùn ẹni tó ni ín. Àwọn mìíràn ní kí a kọ owó lójú ẹsẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹni tó bá lọ sílé láì mọ iye tí ọjà rẹ̀ jẹ́ kò rí ìdí tó fi yẹ kí ó tún un kó jọ. Ṣùgbọ́n mo so àwọn nǹkan kan mọ́ ọn. Kí a lẹ iye owó mọ́ ara ògiri, kí a sì máa yí i padà ní ọjọ́ kan pàtó nínú oṣù, dípò ìgbà tó bá ṣáà wù wá. Kí iye náà fi àyè tó tó sílẹ̀ lábẹ́ ohun tí olùrà ń san. Kí a sì máa tà kíákíá.

Títà kíákíá ló ṣe pàtàkì jù. Kí ìgbìmọ̀ pinnu iye kìlò tí yàrá kò gbọ́dọ̀ kọjá, kí wọ́n sì tà á bí ó bá ti dé ibẹ̀, kódà bí àwọn oníṣòwò bá ń sọ pé owó yóò gbéra lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà jókòó de owó gọbọi lè fi tirẹ̀ ṣe é. Èyí tó wà nínú yàrá yín kì í ṣe tiyín.

* * *

Ẹnì kan fèsì pé ìlànà tí ìjọba Indonésíà gbé jáde ní ọdún 2012 fún àwọn báńkì wọ̀nyí sọ pé kí àwọn tó ń fi pàǹtírí pamọ́ lápapọ̀ máa gba iye kan tí kì í yí padà, tó sì sábà máa ń ju ti ọjà lọ, kí ó lè wú wọn lórí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ ka gbólóhùn náà tán: ìlànà kan náà sọ pé ẹni tó bá fẹ́ owó rẹ̀ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, iye tó ń lọ sókè sódò bí ọjà bá ṣe rí ni yóò gbà. Èrè tó bá jáde lára àwọn kan ni wọ́n fi ń gbé àwọn yòókù ró. Báńkì tí kò bá ní irú èrè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, tó sì ń san ju iye ọjà lọ, ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò lè san.

Ọ̀nà tó sàn jù láti rí owó tó ga ni kí báńkì mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà nítòsí ara wọn kó ọjà wọn pọ̀ tà. Olùrà kì í fi ọkọ̀ ńlá wá gbé àpò mẹ́wàá. Ìlànà tuntun tí Indonésíà ṣe ní ọdún 2021 tilẹ̀ ti pín àwọn báńkì wọ̀nyí sí ìpele méjì, kéékèèké ti àdúgbò àti ìyá-báńkì tó ń bójú tó agbègbè ńlá.

* * *

Yàrá tó kún dé òrùlé

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ wọ inú yàrá náà, kí ẹ wo ohun tó kún un gan-an. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ohun tó ń gba àyè ni èyí tí kò sí olùrà fún: ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ẹrẹ̀, ìgò fífọ́, páálí tó ti bu, àti ike oríṣiríṣi tí a dà pọ̀ mọ́ra. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà á nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti dá aládùúgbò padà, wọ́n sì kọ owó sí i nínú ìwé. Gbèsè tí kò ní ọjà lẹ́yìn ni. Òfin tó yẹ kí ó wà lẹ́nu ọ̀nà kò le: ohunkóhun tí a kò bá tíì mọ ẹni tí yóò rà á, a kì í kọ owó sí i.

Lẹ́yìn náà ni yíyà sọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni owó pọ̀ sí jù. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ike ni nọ́ńbà kan wà nínú àmì onígun mẹ́ta. 1 ni PET, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. 2 ni HDPE, irú ti kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ. 5 ni PP, tó wọ́pọ̀ lára ìdérí àti abọ́ ike. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, ẹ gé ègé kékeré lára rẹ̀, ẹ jù ú sínú omi, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ rì kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè kúrò. 2 àti 5 á léfòó padà. 1 á rì. Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú ike omi kan ṣoṣo: ìdérí rẹ̀ á léfòó, ara rẹ̀ á rì sísàlẹ̀ abọ́. Ohun tó fà á nìyí tí olùrà fi ń fẹ́ kí ìdérí wà lọ́tọ̀, nítorí oríṣi ike méjì ni wọ́n.

Èyí tó léwu jù ni 3, ìyẹn PVC, torí pé òun náà máa ń rì bí 1, ìgò rẹ̀ sì máa ń mọ́ gaara bíi tirẹ̀. Ooru tó ń yọ́ PET ti pọ̀ jù fún PVC: á jóná, á tú ásíìdì jáde, á sì fi àmì dúdú sílẹ̀ nínú ike tó mọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ péré lè mú kí olùrà dá odidi ẹrù padà. Ẹ yí ìsàlẹ̀ ìgò náà sókè: PET sábà máa ń ní kókó kékeré kan láàárín ìsàlẹ̀ rẹ̀, PVC sì máa ń ní ìlà tó gba ìsàlẹ̀ náà kọjá bí ojú ibi tí a ti rán aṣọ. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan bí ogún irú wọn kò ní ṣì í mọ̀ mọ́.

Ti irin kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ so òòfà mọ́ okùn sẹ́nu ọ̀nà. Agolo tí òòfà kò bá mú, alumíníọ̀mù ni. Kò gbọ́dọ̀ bá irin wọ àpò kan náà, torí pé yíyọ́ alumíníọ̀mù àlòkù kò gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 agbára tí wọ́n fi ń ṣe tuntun láti inú ilẹ̀, ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi ga.

Páálí àti bébà ni kí ẹ fọwọ́ kàn kí ẹ tó wọ̀n. Bí ó bá tutù, omi ni ẹ ń rà. Kìlò 100 tó wọlé lè di 90 lọ́dọ̀ olùrà, ìyàtọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní ojúewé tirẹ̀ nínú ìwé: ohun tó wọlé, ohun tí a tà, ohun tó sọnù, fún oríṣi ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò tíì rí ojúewé mìíràn tó tètè ń fi hàn bóyá òṣùwọ̀n ń purọ́, bóyá ọjà ń jáde lóru, tàbí bóyá olùrà ni òṣùwọ̀n tirẹ̀ kò pé.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbà bó ti wù kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ tó: abẹ́rẹ́ àti ohun èlò ìtọ́jú aláìsàn, ike oògùn apakòkòrò, àti bátìrì fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà láàárín bébà, nítorí bátìrì tí ó bá ti fọ́ tàbí tó ti wú lè gbiná fúnra rẹ̀. Mo fi wáyà sísun kún un. Bí báńkì bá ń ra bàbà tí wọ́n ti fi iná sun awọ rẹ̀ kúrò, ó ń san owó fún èéfín olóró tí àwọn ọmọ tó sun ún fà símú. Ẹ ra wáyà pẹ̀lú awọ rẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá kéré.

* * *

Ẹ̀rọ àti áàpù

Ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ wúlò fún ẹni tí ọjà rẹ̀ ń lọ déédéé, tí owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè rẹ̀. Yàrá tí ó kún fún ohun tí kò ṣeé tà, ohun tí kò ṣeé tà náà ni ẹ̀rọ yóò fún pọ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ bi olùrà bóyá yóò tilẹ̀ gba ike tí a ti fún pọ̀, torí àwọn kan ń kọ̀ ọ́ nítorí pé wọn kò lè rí inú rẹ̀.

Ní ti áàpù, bí ìwé orí tábìlì kò bá dọ́gba, ti orí fóònù kò ní dọ́gba. Ẹ fi bébà ṣe é títí ìwé ńlá àti ìwé ọwọ́ àwọn èèyàn yóò fi bá ara wọn mu láti oṣù dé oṣù, kí ẹ tó gbé e lọ sórí fóònù. Kódà nígbà náà, ẹ má gba ìwé ọwọ́ àwọn èèyàn kúrò lọ́wọ́ wọn: àgbàlagbà tí kò ní fóònù nílò ohun tó lè gbé lọ sílé.

* * *

Ìgbà tí owó yóò jáde

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù láàárín yín. Àwọn kan ní bí a bá ń san owó lójú ẹsẹ̀, a ti di alágbàtà irin. Àwọn mìíràn ní dídá owó tálákà dúró jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ìlànà Indonésíà ti ọdún 2012 gbà pé èèyàn lè gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó dámọ̀ràn kí ó fi pamọ́ fún ó kéré tán oṣù 3, kí owó náà lè pọ̀ tó láti ṣe nǹkan gidi.

Èmi gbà pé ẹni tó ni owó ni kí ó yàn, lọ́jọ́ tó bá ń forúkọ sílẹ̀. Ohun tí n kò gbà ni kí báńkì yí ọjọ́ ìsanwó padà lẹ́yìn tí ó ti kéde rẹ̀. Ẹ kéde ọjọ́ kan nínú oṣù, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan péré ló wá. Kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, owó àwọn tó ń fi pamọ́ gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀, tí ó kéré tán ẹni méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí ó tó jáde. Owó ọkọ̀, owó àpò, owó ìpàdé, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ti inú rẹ̀ wá. Kí ẹ má sì ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó láti inú rẹ̀, ì báà ṣe alága.

* * *

Àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn

Ẹ ní ó ti rẹ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Ó yẹ kí ó rẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ tó ní òórùn, ìgò fífọ́ àti ìnira ẹ̀yìn kò ṣeé fi ìyìn nìkan san. Ní Indonésíà, ìpín tó wọ́pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìlànà 2012 ni ìdá 85 nínú 100 fún ẹni tó ni pàǹtírí, ìdá 15 fún báńkì. Nínú ìdá 15 yìí ni owó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti jáde, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé, kí ìpín náà di 80 àti 20 ní gbangba, dípò kí òṣìṣẹ́ máa fi ààbọ̀ kìlò ti àwọn èèyàn ṣe owó iṣẹ́.

Ẹnì kan dábàá pé kí a máa san owó fún òṣìṣẹ́ lórí iye kìlò tó bá wọlé. Mo ta ko ó gidigidi: kò ní dá ohunkóhun padà lẹ́nu ọ̀nà, páálí tútù pàápàá yóò wọlé. Ẹ san án lórí ọjọ́ iṣẹ́.

Àwọn tó ń ṣa ike àti irin kiri ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń lé wọn, wọ́n ní wọ́n ń jí ọjà. Ẹ ronú wò ó: ohun tí wọ́n ń ṣà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé kí ẹ tó dé ni ohun tí ẹ wá ń gbà báyìí. Oúnjẹ wọn ni ẹ mú. Ẹ fún wọn ní ìwé ìfowópamọ́ bíi ti gbogbo èèyàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yíyà sọ́tọ̀ lọ̀ wọ́n, nítorí ojú wọn mọ ọjà ju ojú ìgbìmọ̀ lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí n dáhùn rẹ̀. Àwọn kan ní báńkì kò wúlò bí kò bá lè mú gbogbo ìdọ̀tí àdúgbò kúrò. Kò lè ṣe é. Ìròyìn Báńkì Àgbáyé ti ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 44 nínú 100 pàǹtírí àgbáyé ló jẹ́ oúnjẹ àti ewéko, ìpín náà sì ju ìdajì lọ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kéré jù. Èyí gbọ́dọ̀ di ajílẹ̀ tàbí kí ọkọ̀ ìdọ̀tí gbé e. Báńkì tó bá ṣèlérí pé òun yóò gba gbogbo rẹ̀ yóò rí eku àti eṣinṣin nínú yàrá, àwọn aládùúgbò tó sún mọ́ ọn ni yóò sì kọ́kọ́ ní kí a tì í pa.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá

Ó ní àwọn ti jókòó ṣe ìṣirò. Àpapọ̀ ohun tó wà nínú ìwé àwọn èèyàn ju owó ọwọ́ àti ọjà inú yàrá lọ. Ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì: àwọn kan ní kí a dákẹ́, kí a máa fi owó ọjà tuntun san ti àtijọ́ títí yóò fi dọ́gba, àwọn yòókù ní kí a pe ìpàdé.

Ẹ pe ìpàdé. Bí ẹ bá ń fi ti tuntun san ti àtijọ́, ẹ ń sọ gbèsè àwọn kan di gbèsè àwọn mìíràn tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ni, yóò sì tóbi sí i ní gbogbo ìgbà tí iye ọjà bá wálẹ̀.

Ẹ dá ìgbọjà dúró fún ìgbà díẹ̀. Kí olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ wá, kí a fi wé ìwé ńlá lójú rẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, tí ẹ kò sì ní ẹ̀rí mìíràn, ẹ gba ti ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ta ohun tó ṣeé tà nínú yàrá, kí ẹ sì sọ iye tó wọlé fún ìpàdé. Àwọn kan máa dábàá pé kí a kọ́kọ́ san ti àwọn tí owó wọn kéré. Ó dún bí àánú, ṣùgbọ́n nínú báńkì pàǹtírí, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, tó ń fi gbogbo ọjọ́ ṣà á. Ìdá kan náà ni kí ẹ san fún gbogbo èèyàn: bí owó tó wà bá jẹ́ ìdá 60 nínú 100 gbèsè, kí olúkúlùkù gba ìdá 60 nínú tirẹ̀.

Ìyókù ni ẹ ó máa san díẹ̀díẹ̀ láti inú ìpín báńkì nígbàkigbà tí ẹ bá ta ọjà, kí ẹ sì máa lẹ iye tó ṣẹ́ kù mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó kìlò. Ọjà tuntun àti owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ pàdé rárá. Ẹ ṣí àkáǹtì tuntun fún un láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ bá sì ní owó nínú báńkì náà, tirẹ̀ ni kí a san gbẹ̀yìn.